Jethro Ọmọ Ìbítóyè, Ẹni tó Kọ́ Ọ̀nà Òfuurufú Lórí Ilẹ̀

Bí Ìbítóyè bá ń ti oko bọ̀, àwọn ewúrẹ́ ilé rẹ̀ pàápàá a máa mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Bí wọ́n bá gbọ́ tó ń kùn orin àwọn sójà, wọn kò ní dìde níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí orin, tó jẹ́ ìró bàtà nìkan ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà, wọn a fò dìde, wọn a gba ẹ̀yìn ilé lọ. Rhoda ìyàwó rẹ̀ kò ní ẹ̀yìn ilé tó lè gbà lọ. Ìdí odó tó ti ń gúnyán ni ọkọ rẹ̀ máa ń bá a, ibẹ̀ náà ni ìyà sì máa ń bá a.

Jethro ni àkọ́bí wọn. Àwọn tó mọ Ìbítóyè kí ó tó lọ sógun Bọ́mà máa ń sọ fún ọmọ náà pé ọlọ́yàyà ènìyàn ni bàbá rẹ̀, pé bó bá ń jìjàkadì, ẹ̀rín ló máa fi ń da ènìyàn nílẹ̀. Jethro kò mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Nígbà tí wọ́n kó bàbá rẹ̀ lọ, ó ṣì ń di ìyá rẹ̀ láṣọ mú kó tó lè dé odò. Nígbà tí bàbá dé, ó ti ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Ọkùnrin gbọọrọ kan tó gbẹ bí ẹran yíyan ló wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ta ló bí eléyìí?" Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gbá a létí nítorí pé ọmọ náà jẹ́ kí ọ̀dù omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, etí òsì Jethro a máa hó nígbà òtútù.

Gbogbo ìlú Kábà ló mọ̀ pé ogun ti ba Ìbítóyè jẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ogun fojú rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá bi í, yóò ní, "Ẹ jẹ́ n jẹ oúnjẹ mi." Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé kò fẹ́ gbọ́ ìró bàálù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bàálù a máa gba orí àwọn òkè Kábà kọjá. Ìbítóyè yóò dojú bolẹ̀ láàárín ebè iṣu, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Bó bá dìde, ègbé ni fún ẹni tó bá rí i.

Jethro rí i lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe pé ó fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀sín o. Bàálù tó ń kọjá ló gba ọkàn rẹ̀, ó ń fò sókè, ó ń juwọ́ sí i, ó ń pariwo pé kó dúró de òun. Ìgbà tó wẹ̀yìn, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń dìde nínú ebè, erùpẹ̀ nínú irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó fa ọ̀pá iṣu kan tu, ó sì na ọmọ náà títí ọ̀pá fi ṣẹ́. Ó fa òmíràn tu. Ẹlẹ́mu kan tó wà lórí ọ̀pẹ nítòsí ló sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á sílẹ̀.

Ẹgba náà kò pa ìfẹ́ bàálù lára Jethro. Bí ewúro tí a gé ni, ńṣe ló tún ń rúwé.

Ó dàgbà, ó parí ìwé rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe tíṣà kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú. Ìgbà náà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ni Lájídé padà wálé. Ọmọ Kábà ni Lájídé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó. Nígbà ogun, òun ló máa ń jókòó sẹ́yìn páílọ́ọ̀tì, tó ń fi máàpù àti kọ́ńpáàsì júwe ọ̀nà fún un. Bàálù wọn já, iná sì jó ìdajì ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kan. Etí tó kù sí ìhà ibẹ̀ dà bí olú kékeré tó hù lára kùkùté. Àwọn ọmọdé a máa sá bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà odò. Jethro kò sá ní tirẹ̀. Ó tẹ̀lé e délé, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i bí wọ́n ti ń kíni ní Kábà: "Òkun o, sà. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ní bàálù."

Lájídé rẹ́rìn-ín débi pé ó wúkọ́. Ó ní, "Ṣé o rí bàálù kankan nílé mi ni?"

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ìròyìn ti ń lọ káàkiri pé ìjọba ń wá àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Àríwá, níbi tí wọ́n ka Kábà mọ́ nígbà náà, tí wọn yóò rán lọ sókè òkun láti kọ́ bí a ti ń wa bàálù tó ń kó èrò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò orí ìwé: ọ̀nà òfuurufú, ojú ọjọ́, ẹ̀rọ, àti òfin ojú ọ̀run. Benjamin, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdé kan tó ń ṣe akọ̀wé ní Kábà, náà fẹ́ ṣe é. Lájídé gbà wọ́n méjèèjì, ó ní kí wọ́n máa wá ní ọ̀sán Sátidé.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá wọn sọ nìyí: "Kò sí bàálù ní Kábà, kò sí ní Lọ́kọ́ja. Orí ilẹ̀ lẹ ó ti kọ́ ọ. Ohun tí ẹ kò bá sì mọ̀ lórí ilẹ̀, ojú ọ̀run ni yóò ti pa yín."

Gbogbo ẹ̀kọ́ Lájídé ló ní òkú tirẹ̀. Nígbà tó kọ́ wọn pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í na àríwá gan-an, pé ó ní ibi tó máa ń yà sí, ó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó gbàgbé láti ro ìyàtọ̀ náà pọ̀. Inú òkun ni ọ̀rẹ́ náà sùn títí dòní. Nígbà tó kọ́ wọn ní kùrukùru, ó sọ ti èyí tó gba ara rẹ̀ gbọ́ ju àwọn aago inú bàálù tó wà níwájú rẹ̀ lọ: ara ń sọ fún un pé bàálù dúró gbọnrangandan, bẹ́ẹ̀ ni bàálù ń fi imú lọ sílẹ̀. "Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kó o," ni Lájídé wí, ó sì ń nu pátákó bí ẹni pé kò sọ nǹkan. Nígbà tó kan aago tó ń sọ bí bàálù ti ga tó, ó ní aago náà a máa purọ́ bí afẹ́fẹ́ bá yí padà tí ènìyàn kò sì tún un ṣe. Ó na ìka tó jóná sí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. "Aago ní òkè wà lábẹ́ rẹ. Òkè ní iwájú rẹ lòun wà. Òkè kì í jiyàn lẹ́ẹ̀mejì."

Benjamin a máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Jethro a máa la ojú kalẹ̀, a máa gbọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí ibi tí ìdí ìyà ti yé ènìyàn. Ẹni tó kú, nítorí pé ó ṣe nǹkan kan ló ṣe kú. Bí ìwọ kò bá ṣe nǹkan náà, ìwọ kò ní kú. Nílé bàbá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó le jù fún un ni ti atẹ́gùn. Kò yé e bí bàálù ṣe lè kọjú sí ibì kan kó sì máa lọ sí ibòmíràn. Lájídé gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ṣé o ti gba odò Ọya kọjá rí, ní Lọ́kọ́ja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà."

"Ibo ni ọlọ́kọ̀ kọ orí ọkọ̀ sí?"

Jethro ronú. "Òkè odò ni. Odò ń gbé e wá sílẹ̀, òun sì ń kọjú sókè, kó lè gúnlẹ̀ síbi tó fẹ́."

"Bí kò bá kọjú sókè ńkọ́?"

"Odò á gbé e kọjá èbúté."

"Odò ni atẹ́gùn. Jókòó, kí o ṣírò rẹ̀."

Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yé e. Inú rẹ̀ dùn débi pé nígbà tó délé, ó mú èédú, ó yàwòrán rẹ̀ sára ògiri yàrá rẹ̀: ilà kan fún ibi tí bàálù kọjú sí, ilà kan fún atẹ́gùn, ìkẹta fún ibi tí bàálù ń lọ ní tòótọ́. Inú dídùn yìí náà ló mú kó ya bàálù kékeré kan sí orí ilà náà. Kò rántí pa á rẹ́.

Orin àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń lọ kọ́ ní gbogbo Sátidé. Ìyá rẹ̀ mọ òtítọ́, ó sì dákẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti jókòó sí iwájú pátákó nílé Lájídé, ilẹ̀kùn já wọlé pẹ̀lú férémù rẹ̀. Ìbítóyè ló dúró níbẹ̀, ẹ̀rú ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rí bàálù tí ọmọ rẹ̀ yà sára ògiri. Ó fọ pátákó sí méjì. Benjamin gbé apá sókè láti dáàbò bo orí, ẹ̀rú ọkọ́ bà á ní ìgúnpá, ó ké bí ewúrẹ́. Ó kan Jethro: ẹ̀yìn, itan, ẹ̀yìn. Jethro ká kò sábẹ́ tábìlì. Kọ́ńpáàsì idẹ tí Lájídé ti ìlú òyìnbó gbé bọ̀ já bọ́ sílẹ̀, Ìbítóyè sì fi gìgísẹ̀ bàtà sójà tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Nígbà náà ló tó rí Lájídé dáadáa, lójúkojú. Ó dúró. Ó ń wo ìdajì ojú tó jóná náà.

"Wọ́n ti sun ìwọ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Wọ́n ti sun ọ́ tán, o sì wá ń kó igi tí wọn yóò fi dá iná mìíràn. Ọmọ mi ni igi rẹ?"

Lájídé fi orí kàn án ní imú. Sójà ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jà bí sójà, láìpariwo, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń wá ọrùn ara wọn, wọ́n ń wá ojú ara wọn. Ìgbà tí àwọn ará àdúgbò fi máa já wọn, eyín iwájú Lájídé méjì ti wà nílẹ̀, imú Ìbítóyè sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì padà sáyè rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Jethro rò pé ẹ̀kọ́ ti parí. Síbẹ̀, ó lọ ní Sátidé kejì. Ó bá Lájídé níwájú ìlàjì pátákó kan tó fi wáyà so mọ́ ògiri. Ẹnu rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Benjamin ti jókòó, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọrùn.

"Ibo la dé?" ni Lájídé bi wọ́n.

Nílé, Rhoda ló ń jẹ ìyà ohun gbogbo. Ìbítóyè ti wá mọ̀ pé ó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀. Bí iyán bá ní kókó, nítorí bàálù ni. Bí òjò bá pa aṣọ, nítorí bàálù ni. Àwọn àgbà ẹbí a máa wá, wọn a ní kí Ìbítóyè ní sùúrù, wọn a ní kí Rhoda ní sùúrù, wọn a jẹ obì, wọn a lọ.

Ó ku díẹ̀ kí ìdánwò tó dé, Jethro ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ lọ́sàn-án, ó gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ láti ìdí igi òro. Ó sáré. Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, apá ọ̀tún rẹ̀ ti ṣẹ́, ó yà sí ibi tí apá kì í yà sí, bàbá rẹ̀ sì tún gbé ọmọ odó sókè. Jethro kó sí àárín wọn. Ó ti gùn ju bàbá rẹ̀ lọ nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì mọ̀ ọ́n.

Ìbítóyè ju ọmọ odó sílẹ̀, ó fa kòbókò yọ lára àjà. Kòbókò awọ erinmi ni, tó rà lọ́wọ́ àwọn Haúsá, ó sì ti fi wáyà wé ẹnu rẹ̀. Èkíní bọ́ sí èjìká. Èkejì wé ọrùn. Jethro kò kúrò lójú kan, nítorí pé bí ó bá kúrò, ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹnu wáyà náà wọ ojú òsì rẹ̀.

Kò mọ̀ ọ́n ní ìrora lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé ọ̀sán pín sí méjì, ìdajì sì kú. Nǹkan tó gbóná ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá ọmọ odó nílẹ̀, ó sì gbá bàbá rẹ̀ ní ìhà. Egungun dún. Ìbítóyè ṣubú lulẹ̀ gbì, ó ń wá èémí. Jethro dúró lé e lórí, ó gbé ọmọ odó náà sókè tààrà, bí ẹni tó fẹ́ gúnyán. Ó mọ ibi tí yóò gbà á sí. Àárín iwájú orí ni.

"Jethro!" Ìyá rẹ̀ fi apá kan wọ́ dé ibẹ̀, ó di kókósẹ̀ rẹ̀ mú. "Bí o bá pa á, wọn yóò so ọ́ rọ̀. Òun á ti lọ, ìwọ náà á ti lọ. Ṣé èmi nìkan lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́?"

Jethro wo apá ìyá rẹ̀ tó ṣẹ́. Ó ju ọmọ odó náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lọ́rì kan tó kó iṣu ló gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ìjọ ní Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀nà kò dára. Láti Ìyàrá títí dé Mọpà, bí táyà bá ti wọ kòtò, Rhoda a fi eyín di ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀ mú kó má baà ké, kí ọmọ rẹ̀ má baà gbọ́. Dókítà wo ojú náà, ó mi orí. Ó ní àwọn gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e.

Wọ́n fi báńdéèjì wé ojú rẹ̀ méjèèjì. Nínú òkùnkùn yẹn ni Jethro ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní tòótọ́. Òun kì yóò wa bàálù láé. Lájídé ti kọ́ wọn lófin náà: ojú méjì, kí méjèèjì sì mọ́. Kò sunkún. Ó fi èékánná fa ara ibùsùn ya, nọ́ọ̀sì sì bá ìhò ńlá kan nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Benjamin gun kẹ̀kẹ́ wá láti Kábà. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nígbà tó yá, ó yọ ìwé rẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n ka ti àwọsánmà?"

Jethro yí orí sí i. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Fo àwọsánmà. Ka ti atẹ́gùn."

Benjamin ń kà, Jethro ń ṣe ìṣirò lórí láìní pẹ́ńsù, ó ń dá a lóhùn, ó sì ń ṣe déédéé. Rhoda wà lórí ibùsùn kejì, apá rẹ̀ nínú ṣìmẹ́ńtì funfun, ó ń gbọ́ wọn. Ibẹ̀ ló ti pinnu.

Bó ti kúrò nílé ìwòsàn, kò yà sílé. Kóòtù ìbílẹ̀ ló gbà lọ, ó fẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sùn. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn àgbà ẹbí dà bò ó, wọ́n ní, "Rhoda, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Rhoda ní, "Èmi àti ta ni ó fẹ́ ṣọ̀rẹ́?"

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ènìyàn kún kóòtù dé ojú fèrèsé. Rhoda dúró, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ní kí Jethro tú aṣọ tó fi bo ojú. Obìnrin kan nínú èrò kígbe, ó jáde lọ bì.

Adájọ́ bi Ìbítóyè bí ó bá ní ohun tí yóò sọ. Àwọn ènìyàn rò pé yóò sẹ́. Ó dìde, ó fi ọwọ́ di ìhà tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ James," ló wí. "Ọmọ Ìyàrá ni. Inú igbó Bọ́mà la jọ wà. Kò sọ́nà, kò sí lọ́rì. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sí wa láti òkè. Ẹ̀yin ń rò pé bọ́ǹbù ni mò ń sá fún. Kì í ṣe bọ́ǹbù. Ìrẹsì ni." Ó na ọwọ́ sókè. "Wọ́n á dè é lápò, wọ́n á tì í jáde. Ó yẹ kó bọ́ sí pápá tí a ṣán fún un. Lọ́jọ́ náà, kò bọ́ sí pápá. Àpò kan bá James láyà níbi tó jókòó sí tó ń tún bàtà rẹ̀ ṣe. Ó fọ́ bí igbá. Àpò náà bẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rin ìrẹsì. Ebi sì ń pa wá. Ó ti pẹ́ tí ebi ti ń pa wá." Ó wolẹ̀. "A ṣan ìrẹsì náà. A sè é. A jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ."

Ó gbé orí sókè.

"Ẹni tó ju àpò náà kò mọ̀ pé òun pa ẹnikẹ́ni. Ó ti lọ. Ó ti lọ jẹ oúnjẹ tirẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi fẹ́ dà. Mo sọ pé kàkà kó rí bẹ́ẹ̀, kí n kúkú pa á."

Adájọ́ gbé gègé ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bi í, ohùn rẹ̀ kò sì le: "Rhoda ló ju àpò náà ni?"

Ìbítóyè padà jókòó. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára.

Jethro bá ara rẹ̀ lẹ́yìn kóòtù, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri títí awọ ìka rẹ̀ fi bó. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ẹranko lásán, ìbínú ìbá rọrùn fún un. Ní báyìí, àánú ti kó wọ inú ìbínú náà, kò sì lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Lájídé wá dúró tì í.

"Ṣé o ṣì ń lọ ṣe ìdánwò?" ni Lájídé bi í.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, Tíṣà? Ojú kan ni mo ní."

"Ìwé ni wọ́n fẹ́ bi ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ojú kan tó ìwé kà."

Ó lọ. Òun àti Benjamin wọ lọ́rì dé Ìlọrin, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin gba Jẹ́bà lọ sí Kánò. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àwọn ọ̀dọ́ tó kù ń yọ́ ojú wo aṣọ dúdú tó fi bo ojú rẹ̀. Ó ṣí ìwé ìbéèrè. Ó ṣe ti kọ́ńpáàsì, ó ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó kan ti atẹ́gùn, ìbéèrè náà ní bàálù kan ń lọ sí àríwá, atẹ́gùn ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, kí ó sọ bí yóò ti yà kúrò lójú ọ̀nà tó. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rí ọkùnrin kan tó jókòó nínú igbó, tó ń tún bàtà ṣe. Ẹnì kan wà lókè lọ́jọ́ náà tí kò ṣe ìṣirò yìí, tàbí tó ṣe é tí kò ṣe é dáadáa. Ó tẹ pẹ́ńsù débi pé ẹnu rẹ̀ kán. Ó gbẹ́ ẹ, ó sì ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta bí ẹni pé ọkùnrin yẹn ṣì wà láàyè, tó ń dúró de èsì rẹ̀.

Òun ló ṣe ipò kìíní nínú gbogbo wọn. Dókítà tó ń yẹ ara wò kò tilẹ̀ ní kó bọ́ aṣọ. Ọ̀gá òyìnbó tó ń ṣètò ìdánwò náà ló pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"O mọ̀ pé a kò lè gbà ọ́. Kí ló dé tí o fi wá?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n fún un níṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú: kó máa wo ojú ọ̀run, kó máa wọn atẹ́gùn àti òjò, kó sì máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìdánwò tó ń bọ̀. Benjamin yege, ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń rán an lọ sókè òkun. Lọ́jọ́ tó wá dágbére, Jethro di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń kí i kú oríire, ó sì ń fún ọwọ́ náà, ó ń fún un sí i.

"Jethro," ni Benjamin wí jẹ́ẹ́, "ọwọ́ mi."

Ó jù ú sílẹ̀ wàrà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á lọ́jọ́ náà ju bí ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ti bà á rí lọ.

Ọdún kejì ló padà sí Kábà láti wá mú ìyá rẹ̀. Ìbítóyè ti jáde lẹ́wọ̀n, ó ń gbé lóun nìkan. Rhoda kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ilé àwọn ará rẹ̀ ló wà. Lọ́sàn-án tí wọ́n fẹ́ lọ, ẹrù wọn ti wà nínú lọ́rì, awakọ̀ ti ń tan ẹ́ńjìnnì, nígbà tí èrò garáàjì tú ká. Ìbítóyè ló ń bọ̀ pẹ̀lú àdá. Ó ṣá pákó ẹ̀yìn lọ́rì, èérún igi fò. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Sọ̀ kalẹ̀, Rhoda! Sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí n wá mú ọ!"

Jethro ló fò sílẹ̀. Àdá náà gba ẹ̀gbẹ́ ojú òsì rẹ̀ tí kò ríran bọ̀, ó gé e ní apá. Ó já lu bàbá rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ṣubú sínú eruku. Wọ́n yí, wọ́n yí. Ìbítóyè bù ú jẹ ní èjìká. Ṣùgbọ́n agbára ti tán lára ọkùnrin náà. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Jethro gba àdá, ó dìde, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ìgúnpá rẹ̀ sára àyà bàbá rẹ̀.

"Parí rẹ̀," ni Ìbítóyè wí láti ilẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. "Mo ní kí o parí rẹ̀. O ti tó ọkùnrin."

Jethro wo bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn o, ẹ̀bẹ̀ gan-an ni. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń wá ẹni tí yóò bá òun parí rẹ̀.

"N kò ní parí nǹkan kan fún yín, Bàbá," ló wí. "Ẹ ó wà láàyè. Ẹ lọ jẹun."

Ó gbé àdá fún awakọ̀. Ó gun lọ́rì. Ìbítóyè ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó dojú kọ ọ̀run, àwọn ènìyàn sì ti ń rọra sún mọ́ ọn nígbà tí lọ́rì bọ́ sí títì.

Rhoda fa aṣọ ìborùn rẹ̀ ya, ó fi di apá ọmọ rẹ̀. Ó dì í le. Kò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìyàrá, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n ń ta iṣu ní Kánò yẹn?"

"Wọ́n ń tà á, Ìyé. Ṣùgbọ́n kò tó tiwa."

"O rí i báyìí," ni ìyá rẹ̀ wí, "ó yẹ kí o ti sọ fún mi. À bá ti gbé díẹ̀ dání."